Ẹ̀rọ Ayárabíàṣá Tí Ó Ń Rìn Bí Ìgbín: Ìtàn Àwọn Agbálẹ̀ Registry ní Èkó

Nígbà tí àwọn Yorùbá ń wá orúkọ fún kọ̀ǹpútà, eré rẹ̀ ni wọ́n wò tí wọ́n fi pè é ní ẹ̀rọ ayárabíàṣá. Àṣá kì í fi nǹkan falẹ̀. Bí ó bá ti fojú sun òròmọdìẹ, ó ti gbé e lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá dé bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà kan ní Gbàgádà ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, tí ó fẹ́ tẹ ìwé méjì péré jáde, lè bá ẹ̀rọ náà níbi tí ó ti ń jí díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí kò sùn tó. Yóò dúró, yóò jókòó, yóò jáde lọ ra àkàrà, yóò padà dé, kí ẹ̀rọ náà tó ṣe tán láti gbọ́ tirẹ̀. Orúkọ ń jẹ́ àṣá, ìwà ń jẹ́ ìgbín.

Ó ti lé ní ogún ọdún tí oògùn kan ti wà lórí àtẹ fún àìsàn ìgbín yìí. Registry cleaner ni wọ́n ń pè é lókè òkun. Ní èdè Yorùbá, agbálẹ̀ registry ni orúkọ tí ó bá iṣẹ́ rẹ̀ mu. Àwọn tí ń tà á sọ pé pàǹtírí ti kún inú kọ̀ǹpútà, pé ìgbálẹ̀ wọn yóò gbá a dànù, ẹ̀rọ yóò sì máa sáré bí ìgbà tí ó wà ní titun. Ìbéèrè méjì ni ó yẹ kí oníkọ̀ǹpútà bèèrè: ǹjẹ́ òótọ́ ni ó ń mú ẹ̀rọ yára, ǹjẹ́ kò sì léwu? Inú ìtàn ni ìdáhùn wà. Oògùn yìí ní ìgbà kan tí ó ní ìdí, ṣùgbọ́n ìgbà náà ti kọjá lọ kí ọ̀pọ̀ ará Èkó tó ní kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ wọn.

Kí ọdún 1995 tó dé, ètò kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ni ó ń tọ́jú ìrántí tirẹ̀. Windows ní fáìlì WIN.INI àti SYSTEM.INI, àwọn ètò mìíràn a sì máa fi tiwọn sí ibi tí ó bá wù wọ́n, bí ilé tí ayálégbé kọ̀ọ̀kan ń fi kọ́kọ́rọ́ pamọ́ síbi tí onílé kò mọ̀. Microsoft kọ́kọ́ dá registry sílẹ̀ fún iṣẹ́ díẹ̀ nínú Windows 3.1 ní ọdún 1992, ó mú un gbòòrò nínú Windows NT ní 1993, ṣùgbọ́n Windows 95, tí ó jáde ní ọjọ́ 24 oṣù kẹjọ ọdún 1995, ni ó gbé e dé ilé gbogbo ènìyàn. Láti ìgbà náà, ohun gbogbo tí Windows gbọ́dọ̀ rántí wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ kan ṣoṣo: púríńtà tí a so mọ́ ọn, ètò tí yóò ṣí lẹ́tà àti èyí tí yóò ṣí àwòrán, orúkọ ẹni tí ó ń lò ó, àti ètò tí yóò dìde fúnra rẹ̀ bí a bá ti tan iná. Nínú Windows 95, fáìlì méjì ni ìwé náà pín sí, SYSTEM.DAT àti USER.DAT. Bí méjèèjì bá bàjẹ́, kọ̀ǹpútà di ẹni tí kò mọ orúkọ ara rẹ̀ mọ́.

Ní àkókò yẹn, ọ̀rọ̀ pàǹtírí kì í ṣe irọ́ pátápátá. Kọ̀ǹpútà tí ó ní 4 MB RAM ni ó kéré jù tí Windows 95 gbà láti bá ṣiṣẹ́. Ẹni tí ó ní 16 MB nígbà náà, ọlọ́lá ni. Bí ìwé àkọsílẹ̀ bá wú díẹ̀ nínú yàrá tí ó kéré báyìí, ara á fu ẹni tí ó ń lò ó. Àwọn ètò tí a sì ti yọ kúrò kì í kó gbogbo ẹrù wọn lọ. Wọ́n a máa fi orúkọ wọn sílẹ̀ nínú registry bí ayálégbé tí ó lọ tí ó gbàgbé bàtà sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Microsoft fúnra rẹ̀ ṣe agbálẹ̀ kan tí ó pè ní RegClean, ó sì ń pín in fún àwọn ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́. Ìgbà tí ó yá ni ó kó o kúrò lórí àtẹ, nítorí wàhálà tí ó ń dá sílẹ̀. Nínú Windows 98, ilé iṣẹ́ náà gba ọ̀nà mìíràn: ó fi olùṣọ́ kan sínú rẹ̀ tí ó ń yẹ registry wò nígbà tí ẹ̀rọ bá ń jí, tí ó sì ń tọ́jú ẹ̀dà márùn-ún rẹ̀ pamọ́, kí èyí tí ó bàjẹ́ lè ní arọ́pò. Ọgbọ́n inú rẹ̀ hàn kedere. Àwọn tí ó kọ ìwé náà rí i pé ẹ̀dà tí ó pé ni kọ̀ǹpútà nílò ju ìgbálẹ̀ lọ.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2001, Windows XP jáde, ó sì mú òpin bá ẹjọ́ náà. Ṣáájú rẹ̀, nínú ìdílé Windows NT àti Windows 2000, apá ìrántí kan tí ó ṣọ̀wọ́n ni registry ń jẹ, ó sì ní ìwọ̀n tí kò gbọdọ̀ kọjá. XP yọ ọ́ kúrò níbẹ̀. Dípò kí ó gbé odindi ìwé ka orí tábìlì, ojú ewé tí ó bá nílò nìkan ni ó ń ṣí. Láti ọjọ́ yẹn ni ìdí tí ìgbálẹ̀ fi wà ti kú. Iye àwọn tí ń ta ìgbálẹ̀ kò dínkù, ńṣe ni wọ́n ń pọ̀ sí i.

Ní Èkó, àkókò yìí gan-an ni kọ̀ǹpútà ń wọ ìgboro. Ní ìparí àwọn ọdún 1990, òpópónà Otigba ní Ìkẹjà, tí ó jẹ́ àdúgbò ibùgbé, bẹ̀rẹ̀ sí í di ọjà. Ilé di ìsọ̀, ìloro di ibi àtúnṣe, títí tí Otigba, Ọlá-Ayẹ̀ni, Pepple àti Francis Oremeji fi di ohun tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Computer Village. Ará Gbàgádà tí ẹ̀rọ rẹ̀ bá dákẹ́ yóò gbé e gba Anthony àti Maryland, yóò sì wọ òpópónà Mobolaji Bank-Anthony lọ bá àwọn ẹnjiníà níbẹ̀. Nígbà tí ó yá, àwọn ẹnjiníà tí ó kọ́ṣẹ́ ní Otigba náà ń ṣí ìsọ̀ kéékèèké sí àdúgbò, tí ènìyàn kò fi ní láti wọ ọkọ̀ mọ́.

Irú kọ̀ǹpútà wo ni wọ́n ń tún ṣe? Tòkunbọ̀ ni púpọ̀ nínú wọn. Ní ọdún 2005, ẹgbẹ́ Basel Action Network ti Amẹ́ríkà wá sí Èkó, wọ́n sì tẹ ìròyìn kan jáde lórí ohun tí wọ́n rí. Nínú ìròyìn náà, nǹkan bí 500 kọ̀ńténà kọ̀ǹpútà àlòkù ni ó ń gba èbúté Èkó wọlé lóṣooṣù. Àwọn oníṣòwò Otigba fúnra wọn sì sọ pé ohun tí kò ṣeé tún ṣe tàbí tí kò ṣeé tà nínú wọn lè tó ìdá 75 nínú 100. Ìdá tí ó ṣẹ́kù ni ó ń di kọ̀ǹpútà akẹ́kọ̀ọ́, ti ṣọ́ọ̀ṣì, ti ilé ìwé àti ti bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà. Ẹ̀rọ tí ilé iṣẹ́ kan ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí New York ti lò fún ọdún márùn-ún kí ó tó jù ú nù, tí háàdì dísìkì rẹ̀ ti ń ké bí kẹ̀kẹ́ tí kò rí epo, tí RAM rẹ̀ kò tó fún Windows titun tí wọ́n fi sórí rẹ̀ ní Ìkẹjà, kò sí ìgbálẹ̀ tí yóò sọ ọ́ di ọ̀dọ́. Ọjọ́ orí ni àìsàn rẹ̀.

Àìsàn kejì ni iná. Kò sí ẹni tí ó gbé Gbàgádà ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn tí kò mọ bí iná NEPA ṣe ń lọ láìdágbére. Nígbà tí NEPA di PHCN ní 2005, àti nígbà tí wọ́n tún pín in fún àwọn aládàáni ní 2013 tí àdúgbò náà bọ́ sọ́wọ́ Ikeja Electric, kọ̀ǹpútà kò mọ̀ pé orúkọ yí padà. Bí iná bá lọ, ó lọ náà ni. Nígbà tí Windows bá ń kọ nǹkan sínú registry lọ́wọ́ tí iná sì já, ìlà tí ó ń kọ lè má parí. Nígbà tí iná bá dé, ojú dúdú ni oníkọ̀ǹpútà yóò bá, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ funfun tí ó ń sọ pé fáìlì tí ó wà nínú fódà SYSTEM32, lábẹ́ CONFIG, ti sọnù tàbí ó ti bàjẹ́. Registry ni fáìlì náà. Ẹnjiníà mọ̀ ọ́n bí òǹkà owó. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ "registry ti bàjẹ́" fi wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn atúnṣe ní Èkó, tí ó sì fi rọrùn fún oníbàárà láti gbà gbọ́ pé registry náà ni ó ń fa ohun gbogbo. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wà láàárín ìwé tí ó ya àti ìwé tí ó gùn. Èyí tí iná já mọ́ lójú ti ya, ẹ̀dà tí ó pé ni yóò sì gbà á. Agbálẹ̀ kò tilẹ̀ lè dé ibẹ̀, nítorí kọ̀ǹpútà kò jí tí yóò fi ṣiṣẹ́.

Àìsàn kẹta ni fáírọ́ọ̀sì. Láti ìgbà tí fláàṣì ti rọ́pò dísìkì pẹlẹbẹ, kaféè ni ó di ọjà tí àwọn fáírọ́ọ̀sì ti ń pàdé. Akẹ́kọ̀ọ́ kan mú iṣẹ́ rẹ̀ wá láti Akọka, ó fi fláàṣì sínú ẹ̀rọ kan, ó tẹ̀wé, ó sì kó nǹkan tí kò rà lọ sílé. Conficker, tí ó jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2008, gba ọ̀nà fláàṣì àti ọ̀nà íntánẹ́ẹ̀tì kárí ayé. Níhìn-ín ni ohun kan wà tí kò yẹ kí oníkọ̀ǹpútà kankan sáré kọjá. Fáírọ́ọ̀sì náà a máa kọ orúkọ ara rẹ̀ sínú registry, ní ìlà àwọn ètò tí ó gbọ́dọ̀ dìde pẹ̀lú Windows. Ṣé agbálẹ̀ yóò rí i? Kò ní rí i. Iṣẹ́ agbálẹ̀ ni láti wá ìlà tí ó ń tọ́ka sí ohun tí kò sí mọ́. Ohun tí fáírọ́ọ̀sì ń tọ́ka sí wà, ó ń mí, ó ń jẹ RAM, nítorí náà ìlà rẹ̀ péye lójú agbálẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlà tí ó ń tọ́ka sí ètò ìṣirò owó tí ó wà lórí dísìkì tí a yọ lánàá, tàbí lórí kọ̀ǹpútà kejì tí wọn kò tíì tàn, pàǹtírí ni ìyẹn lójú rẹ̀. Olè jókòó sí pálọ̀. Ẹni tí ó rìnrìn àjò ni wọ́n da ẹrù rẹ̀ síta.

Síbẹ̀, àwọn ẹnjiníà kì í ṣe òpùrọ́. Nínú àpò CD tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbé kiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Windows àti Office, ni TuneUp Utilities, Registry Mechanic àti CCleaner wà, wọ́n sì rí i lójú ara wọn pé lẹ́yìn tí wọ́n bá lò wọ́n, ẹ̀rọ a máa yára. Ohun tí ojú rí náà nílò àlàyé. Púpọ̀ nínú àwọn ètò wọ̀nyí ń ṣe iṣẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà: wọ́n ń pa àwọn fáìlì ìgbà díẹ̀ rẹ́ kúrò lórí dísìkì tí ó ti kún dé ọ̀fun, wọ́n ń dá àwọn ètò tí ń dìde láìpè dúró, wọ́n ń gbá registry, wọ́n sì ń ní kí oníkọ̀ǹpútà pa ẹ̀rọ kí ó tún un tàn. Dísìkì tí ó rí àyè mí, RAM tí ẹrù rẹ̀ fúyẹ́, ẹ̀rọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, gbogbo wọn ni ó ń mú kí iṣẹ́ yá. Ṣùgbọ́n ìgbálẹ̀ registry ni ó fi ọ̀rọ̀ pupa hàn lójú, tí ó kà á sí etí oníbàárà pé òun rí àṣìṣe 742, òun sì ti tún gbogbo wọn ṣe. Òun ni wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó bá pa ẹ̀rọ náà kí ó tún un tàn lásán, tí ó sì kó àwọn ètò tí kò lò kúrò, ìbá ti rí èrè náà gbà láìsan kọ́bọ̀.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2005, Mark Russinovich, ọ̀kan nínú àwọn tí ó mọ inú Windows jù lọ láyé, tí Microsoft ra ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, kọ̀wé lórí pàǹtírí inú registry. Èrò rẹ̀ ni pé bí registry bá tilẹ̀ wú kọjá ààlà, ìyára kọ̀ǹpútà kò ní yàtọ̀ tó ohun tí ènìyàn lè rí, àfi bí ètò kan bá ń ka ìwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹni tí ó bá mọ ọjà Mile 12, tí ó wà ní Kòṣọfẹ́ kan náà pẹ̀lú Gbàgádà, kò nílò ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà kí ọ̀rọ̀ náà tó yé e. Oníbàárà tí ó mọ ìsọ̀ alátà rẹ̀ yóò wọ ọjà, yóò gba ìlà àwọn alátà, yóò dúró níwájú ìsọ̀ náà. Bí ogún ìsọ̀ bá ṣófo ní ìlà àwọn oníṣu, kò dá a dúró, nítorí kò gba ibẹ̀ kọjá. Bẹ́ẹ̀ ni Windows ṣe ń wá nǹkan nínú registry: ẹ̀ka dé ẹ̀ka, tààrà, dé ibi tí orúkọ náà wà. Àwọn ìlà òkú tí ó wà ní ẹ̀ka mìíràn kò sí lójú ọ̀nà rẹ̀.

Ìṣirò náà wà níbẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ràn òǹkà. Kí registry kọ̀ǹpútà kan jẹ́ 100 MB, ohun tí kò ṣàjèjì. Kí agbálẹ̀ rí ìlà 500 tí kò wúlò, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì gba báìtì 200. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 100,000 báìtì, ìyẹn ìdá kan péré nínú ẹgbẹ̀rún. Àyè tí ó ṣófo náà kì í sì í kúrò nínú fáìlì lójú ẹsẹ̀. Inú rẹ̀ ni ó máa ń wà bí àlàfo, tí Windows yóò fi ohun mìíràn dí nígbà tí ó bá yá. Ìwé náà kò tilẹ̀ fúyẹ́ bí wọ́n ṣe wí.

Bí èrè bá kéré báyìí, báwo ni ewu ṣe pọ̀ tó? Kò sí agbálẹ̀ tí ó mọ ìdí tí ẹni tí ó kọ ìlà kan fi kọ ọ́. Ó ń méfò ni. Bí ìméfò rẹ̀ bá tọ́ lórí ìlà 499, tí ó sì kùnà lórí ẹyọ kan, ẹyọ yẹn lè jẹ́ ohun tí Office fi ń mọ ara rẹ̀, tàbí ohun tí ó so púríńtà mọ́ kọ̀ǹpútà, tàbí nọ́ńbà tí ètò ìṣirò kan fi ń mọ̀ pé wọ́n sanwó òun. Kì í sábà hàn lọ́jọ́ náà. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni akọ̀wé yóò tẹ Excel tí kò ní ṣí, kò sì sí ẹni tí yóò rántí ìgbálẹ̀. Wọn yóò pe ẹnjiníà, ẹnjiníà yóò ní kí wọ́n fọ́máàtì rẹ̀, iṣẹ́ ọdún mẹ́ta tí kò ní ẹ̀dà yóò sì bá a lọ. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, ṣùgbọ́n fọ́máàtì ni ó ń parí ọ̀pọ̀ ìwòsàn kọ̀ǹpútà ní Èkó. Microsoft náà sọ ipò rẹ̀ nínú ìwé ìlànà kan: kò ti lílo agbálẹ̀ registry lẹ́yìn, ó sì kìlọ̀ pé ìbàjẹ́ tí ó bá ti ibẹ̀ wá lè le débi pé ó di dandan láti tún Windows fi sórí ẹ̀rọ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Níbi tí ìbẹ̀rù bá wà, oníṣòwò kì í jìnnà. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2008, agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀ Washington ní Amẹ́ríkà gbé ẹjọ́ lọ sí kóòtù, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Microsoft, lórí ètò kan tí wọ́n ń pè ní Registry Cleaner XP. Ẹ̀sùn náà ni pé àwọn tí ń tà á ń fi ìkìlọ̀ èké ránṣẹ́ sójú kọ̀ǹpútà àwọn ènìyàn, bí ẹni pé Windows fúnra rẹ̀ ni ó ń kígbe pé registry ti bàjẹ́, kí wọ́n lè san $39.95. Ní oṣù kẹta ọdún 2019, ilé ìtajà Office Depot àti ilé iṣẹ́ Support.com gbà láti san 35 mílíọ̀nù dọ́là fún àjọ FTC, tí ń dáàbò bo àwọn oníbàárà ní Amẹ́ríkà. Bí ètò àyẹ̀wò wọn ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀sùn àjọ náà yẹ ní kíkà lẹ́ẹ̀mejì: òṣìṣẹ́ yóò kọ́kọ́ bi oníbàárà ní ìbéèrè mẹ́rin, lára rẹ̀ bóyá kọ̀ǹpútà rẹ̀ ń falẹ̀, bí ó bá ti sọ bẹ́ẹ̀ ni sí ọ̀kan ṣoṣo, ètò náà yóò sọ pé òun rí àmì àrùn, ohun yòówù kí ó wà nínú ẹ̀rọ náà. Ní 2024, Restoro àti Reimage, àwọn méjì tí ń ta àtúnṣe kọ̀ǹpútà láti Cyprus, gbà láti san 26 mílíọ̀nù dọ́là lórí irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀. Wọ́n fi ìkìlọ̀ èké dẹ́rù ba àwọn ènìyàn, àwọn àgbàlagbà sì pọ̀ nínú wọn. Ìkìlọ̀ irú èyí kò bèèrè ìwé ìrìnnà. Ó ń yọ lójú kọ̀ǹpútà ní Gbàgádà gẹ́gẹ́ bí ó ti ń yọ ní Seattle, ṣùgbọ́n kò sí FTC tí yóò dá owó ará Gbàgádà padà fún un.

Èyí tí ó dunni jù ni ti CCleaner, nítorí òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fọkàn tán. Piriform, ilé iṣẹ́ kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ni ó ṣe é. Ọ̀fẹ́ ni, kì í dẹ́rù ba ènìyàn, ó sì máa ń bèèrè bóyá kí òun tọ́jú ẹ̀dà registry kí òun tó gbá a. Ní oṣù keje ọdún 2017, Avast ra Piriform. Láti ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ títí di ọjọ́ 12 oṣù kẹsàn-án ọdún náà, ẹ̀dà 5.33 tí àwọn ènìyàn ń gbà láti ojúlé ilé iṣẹ́ náà gan-an ní ètò aṣeburúkú nínú. Àwọn ọ̀daràn ti wọ inú ilé iṣẹ́ náà, wọ́n sì ti fi tiwọn kún un kí ó tó jáde. Kọ̀ǹpútà tí ó tó mílíọ̀nù 2.27 ni ó gbà á. Àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá ni wọ́n ń wá, wọn kò wá bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó rò pé ìgbálẹ̀ ni òun ra ti ṣílẹ̀kùn fún ẹni tí kò mọ̀.

Ní báyìí, ohun tí ó ń mú kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ yára kò ṣòro láti rí ní Èkó. Háàdì dísìkì onírin tí ó ń yí ní ìgbà 5,400 láàárín ìṣẹ́jú kan máa ń gba nǹkan bí ìdá kan nínú 100 ìṣẹ́jú àáyá kí abẹ́rẹ́ rẹ̀ tó dé ibi tí fáìlì wà. SSD, tí kò ní ohunkóhun tí ń yí, ń ṣe é láàárín nǹkan bí ìdá kan nínú 10,000. Windows kì í ka fáìlì kan tàbí méjì nígbà tí ó bá ń jí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni. Ibẹ̀ ni àárọ̀ ọjọ́ Ajé ń bá lọ. Ẹni tí ó bá ní láǹtọ́ọ̀pù 4 GB tí ó ń ṣí ogún ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀kan náà, RAM ni kí ó fi kún un. Bí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ bá ń hó, tí ìdí rẹ̀ sì ń jóni lẹ́sẹ̀, eruku ni kí ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ gbá, nítorí ẹ̀rọ tí ooru bá mú a máa dín eré ara rẹ̀ kù kí ó má baà jóná. Ìgbálẹ̀ kan ṣoṣo nìyẹn tí ó ń ṣe ohun tí ó wí. Kí ẹnikẹ́ni tó náwó rárá, Task Manager tí ó wà nínú Windows lọ́fẹ̀ẹ́ yóò fi hàn án bóyá dísìkì ni ó ń jìyà, tàbí RAM, tàbí ètò kan tí ó jókòó sídìí ẹ̀rọ láìsí ẹni tí ó pè é.

Ọ̀rọ̀ náà tún gbóná sí i láti ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, tí Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú gbogbogbòò fún Windows 10 dúró. Windows 11 kò gba ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà àtijọ́ wọlé. Ó ń bèèrè 4 GB RAM ó kéré tán, ó sì ń bèèrè ẹ̀yà ààbò tí wọ́n ń pè ní TPM 2.0. Àwọn ẹ̀rọ tí ilẹ̀ òkèèrè bá kọ̀ sílẹ̀ fún ìdí èyí mọ ọ̀nà èbúté Apapa. Ẹni tí ó bá ra ọ̀kan nínú wọn yóò tàn án, yóò rí i pé ó ń falẹ̀, yóò wá oògùn, ìpolówó ìgbálẹ̀ yóò sì ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀.

Ohun kan ti yí padà lábẹ́ ẹ̀rọ náà tí ìpolówó kò ní sọ fún un. Ẹ̀dà márùn-ún tí Windows 98 ń tọ́jú ní àtijọ́ di àṣà tí àwọn Windows ẹ̀yìn rẹ̀ jogún ní ọ̀nà tiwọn, nínú fódà tí wọ́n ń pè ní RegBack. Láti ẹ̀dà 1803 ti Windows 10, tí ó jáde ní ọdún 2018, Microsoft dáwọ́ rẹ̀ dúró kí àyè dísìkì lè pọ̀ sí i. Fódà náà ṣì wà níbẹ̀, àwọn fáìlì inú rẹ̀ sì ní orúkọ, ṣùgbọ́n ìwọ̀n ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ òdo. Ẹnjiníà tí ó kọ́ṣẹ́ ṣáájú ìgbà náà lè gbá registry kọ̀ǹpútà kan ní Gbàgádà lónìí, kí ó ṣèèṣì, kí ó sì lọ sínú RegBack láti mú ẹ̀dà tí ó pé jáde bí ó ti máa ń ṣe. Àfi bí ẹni tí ó ni kọ̀ǹpútà náà bá ti tan System Restore sílẹ̀ fúnra rẹ̀ kí ọjọ́ náà tó pé, kò sí ẹ̀dà kankan tí yóò bá níbẹ̀.